Sẹ́ẹ̀lì Tó Yẹ Kó Kú: Fáírọ́ọ̀sì àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọdé ní Kumasi

Eyín ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń sáré kiri láìpẹ́ yìí ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí eyín tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìyá á sì gbà pé akokoro ló dé. Wọ́n á fi omi gbígbóná jó o, wọ́n á ra oògùn ìrora ládùúgbò. Ṣùgbọ́n wíwú náà kò dúró. Kò pẹ́ tí yóò fi dé abẹ́ ojú, ó tilẹ̀ lè máa ti ẹyinjú síta. Nínú àwọn ọmọ mìíràn, ikùn ló máa ń wú. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn dókítà ọmọdé ni jẹjẹrẹ Burkitt.

Ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń rí jù lọ lára ọmọdé níbẹ̀. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń ṣe ọmọ aráyé, ekukáká la fi lè rí èyí tó ń dàgbà kíákíá tó o: láàárín ọjọ́ kan sí méjì péré, iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Ghana nìkan. Ilẹ̀ tí Burkitt ti ń jà nà gba àárín Áfíríkà kọjá láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn, Ìbàdàn àti Kumasi sì jọ wà nínú rẹ̀ ni. Àwọn ìdílé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbòho tí baba wọn ṣòwò ní Ghana kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn wálé kò kúrò lábẹ́ ewu yìí nígbà tí wọ́n dé ilé.

Fáírọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ nípa rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a ti gbọ́ mọ́ fáírọ́ọ̀sì. A ti mọ̀ pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn kò pa á. Ńṣe ló dá ikú dúró fún sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ti kú.

Ara èèyàn kò lè gún régé bí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò bá ń kú. Nínú ọlẹ̀, àwọ̀ ló so ìka ọwọ́ pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àwọ̀ yẹn ló kú kí ìka tó yà sọ́tọ̀. Lára àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì ló ń kú lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ ọ́n lára. Ikú yìí ní ìlànà. Ní 1972, John Kerr, Andrew Wyllie àti Alastair Currie ṣàpèjúwe rẹ̀ láti Yunifásítì Aberdeen ní Scotland, wọ́n sì sọ ọ́ ní apoptosis: sẹ́ẹ̀lì á sún kì, á gé DNA ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, á pín ara rẹ̀ sí èérún kéékèèké, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì gbé e mì. Kò ní sí egbò, kò ní sí ọyún. Nínú kòkòrò tín-tìn-tín kan tí wọ́n ń pè ní C. elegans, sẹ́ẹ̀lì 1,090 ló ń jáde bí kòkòrò náà ṣe ń dàgbà, 131 nínú wọn á sì kú, àwọn kan náà sì ni nígbà gbogbo. Ìwádìí tó dá lórí kòkòrò yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Sydney Brenner, Robert Horvitz àti John Sulston ní 2002.

Sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ní ìdí tó lágbára láti kú. Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló ti ń rí gbogbo ohun tó fi ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá tètè kú, iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká á sì bọ́. Bí àgbẹ̀ ṣe máa ń fa ẹ̀gẹ́ tí àrùn mú tu kí ìyókù oko má baà kó o, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń yọ̀ǹda sẹ́ẹ̀lì kan nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀nà méjì ni àṣẹ ikú náà lè gbà wá. Ó lè wá láti ìta, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara bá fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn tí wọ́n sì sọ fún un pé kó kú. Ó sì lè wá láti inú. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn maitokọ́ńdíríà wà, ibẹ̀ ni agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń lò ti ń wá. Bí ara maitokọ́ńdíríà bá lu, ohun tó ń jáde níbẹ̀ á jí àwọn ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní caspase, àwọn ni yóò sì gé sẹ́ẹ̀lì náà wẹ́wẹ́ láti inú wá. Àwọn púrótíìnì kan ló ń ṣọ́ maitokọ́ńdíríà kó má baà lu. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Bcl-2. David Vaux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne ló fi hàn ní 1988 pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú sẹ́ẹ̀lì wà láàyè. Àwọn púrótíìnì mìíràn, bíi BIM, ń ṣe òdìkejì: àwọn ló ń bá Bcl-2 jà kí ikú lè wọlé.

Kí fáírọ́ọ̀sì tó lè ráyè ṣiṣẹ́, ó ní láti dí ibì kan lójú ọ̀nà yìí. Inú ìdin àfòpiná ni ẹ̀rí tó ṣe kedere ti kọ́kọ́ jáde. Ní 1991, Rollie Clem, Marcus Fechheimer àti Lois Miller ní Yunifásítì Georgia, ní Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń mú ìdin. Wọ́n rí i pé bí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní p35 kò bá sí lára fáírọ́ọ̀sì náà, sẹ́ẹ̀lì kòkòrò á kú kíá, fáírọ́ọ̀sì kò sì ní lè pọ̀ dáadáa. Bí p35 bá wà, sẹ́ẹ̀lì á dúró. Wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé caspase gan-an ni p35 ń dí lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀ níbi gbogbo. Adenovirus, tó máa ń fa ọ̀fìnkìn, ní púrótíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ Bcl-2. Fáírọ́ọ̀sì cowpox ní tirẹ̀ tó ń dí caspase. Fáírọ́ọ̀sì ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà náà ní èyí tó jọ Bcl-2. Ìyẹn ni fáírọ́ọ̀sì tó wọ Nàìjíríà, Benin àti Togo ní 1997, tó dé Ghana ní 1999, tó sì sọ ọ̀pọ̀ olówò ẹlẹ́dẹ̀ di ẹni tó ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Human papillomavirus, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, gba ọ̀nà mìíràn: púrótíìnì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní E6 máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ba p53 jẹ́, ìyẹn púrótíìnì tó ń pàṣẹ ikú nígbà tí DNA bá bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 wà láti má ṣe jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì yẹn ráyè wọlé rárá.

Fáírọ́ọ̀sì Burkitt ní ìtàn tirẹ̀, ó sì yẹ ní sísọ. Ní 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, wọ́n pe Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ láti Ireland, pé kó wá wo ọmọkùnrin kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́ tó fi rí ọmọ mìíràn tí tirẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ó rí i pé irú wọn pọ̀ nílẹ̀, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958. Ní 1961, òun àti Ted Williams pẹ̀lú Cliff Nelson kó sínú ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n sì rin nǹkan bí máìlì 10,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, láti Uganda lọ sí gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń béèrè ní ilé ìwòsàn kan sí èkejì bóyá wọ́n mọ àrùn náà. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Ibi tí òtútù ti pọ̀, orí òkè gíga, àti ilẹ̀ tí òjò kì í ti í rọ̀ tó, àrùn náà kò sí níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀fọn ti ń gbé ni òun náà ń gbé.

Ní oṣù kẹta ọdún 1961 kan náà, Burkitt sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní London. Ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Anthony Epstein jókòó síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un kí ọ̀rọ̀ náà tó parí pé fáírọ́ọ̀sì ló máa wà nídìí èyí. Fún ọdún méjì ni wọ́n fi ń fi ẹran kókó náà ránṣẹ́ sí i láti Kampala nínú bàálù, fún ọdún méjì ni kò sì rí nǹkan kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, kùrukùru bo London, bàálù tó gbé ẹran kan dání yà sí Manchester. Nígbà tí ó fi dé ọwọ́ Epstein, omi tó wà nínú ìgò náà ti dàrú. Ẹlòmíràn ì bá ti dà á nù pé ó ti bàjẹ́. Epstein fi ẹ̀rọ awò-ohun-tín-tìn-tín wò ó, ó rí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè tó léfòó sínú omi náà. Yvonne Barr bá a tọ́jú wọn títí wọ́n fi ń pọ̀ sí i nínú ìgò. Bert Achong, ọmọ Trinidad, bá a ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ya àwòrán wọn. Fáírọ́ọ̀sì wà nínú wọn lóòótọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1964, orúkọ Epstein àti Barr ló sì dúró lára fáírọ́ọ̀sì náà, tí wọ́n ń gé kúrú sí EBV. Ó dun èèyàn pé orúkọ Achong kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá díjú. Ní gbogbo àgbáyé, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tó ní EBV lára. Itọ́ ló ń gbà ràn. Ní Ghana, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Francis Nkrumah, ọmọ Kwame Nkrumah, ti wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí Burkitt ní Accra, ọmọ tó pọ̀ jù ló ti kó o kí ó tó pé ọdún mẹ́ta. Bí gbogbo ọmọ bá ní fáírọ́ọ̀sì náà, èwo ni ti àwọn díẹ̀ tí jẹjẹrẹ mú?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ MYC. Iṣẹ́ MYC ni láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín sí méjì. Orí krómósómù kẹjọ ló máa ń wà, ó sì máa ń tètè dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tán. Ní 1982, àwọn onímọ̀ fi hàn pé nínú sẹ́ẹ̀lì Burkitt, krómósómù ti kán, MYC sì ti lọ so mọ́ ibòmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà lórí krómósómù kẹrìnlá, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì B, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì tí Burkitt ti ń bẹ̀rẹ̀, fi ń ṣe èròjà agbógunti àrùn. Ibẹ̀ kì í sinmi, nítorí náà MYC kò sinmi mọ́. Sẹ́ẹ̀lì á máa pín, á máa pín.

Ṣùgbọ́n ara ti gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ní 1992, Gerard Evan àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé MYC tó bá ń ṣiṣẹ́ láìní ìjánu máa ń ti sẹ́ẹ̀lì náà sínú ikú. Sẹ́ẹ̀lì tí irú àṣìṣe yẹn bá ṣẹlẹ̀ sí kò yẹ kó rí ọ̀la. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ara ọ̀pọ̀ lára wa rí, tí sẹ́ẹ̀lì náà kú, tí a kò sì mọ̀.

Ibí yìí gan-an ni EBV ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Inú sẹ́ẹ̀lì B ló ń gbé, kò sì fẹ́ kí ilé rẹ̀ wó. Ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ó máa ń ṣe BHRF1, púrótíìnì tirẹ̀ tó jọ Bcl-2. Lẹ́yìn náà, àwọn púrótíìnì rẹ̀ mìíràn á pa jíìnì BIM lẹ́nu mọ́, sẹ́ẹ̀lì tó bá sì jáde lára èyí lè jogún ìdákẹ́jẹ́ yẹn kódà nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kò bá ṣe àwọn púrótíìnì náà mọ́. Nínú Burkitt, fáírọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe púrótíìnì kankan. Ó fara pamọ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara. Nítorí náà, bí MYC bá pariwo pé kí ikú wá, kò sí ẹni tó máa dáhùn. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń wá kò ju ibi tí yóò máa gbé lọ. Jẹjẹrẹ kò ṣe é ní àǹfààní kankan. Ọmọ ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ní 2014, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Tufts ní Boston àti láti Kumasi tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn PLoS Pathogens; Charles Torgbor ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú. Sẹ́ẹ̀lì B inú tọ́ńsìlì ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí pé kòkòrò ibà, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ń ṣe. Ó ń mú kí ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ AID, èyí tó máa ń gé DNA sẹ́ẹ̀lì B, ṣiṣẹ́ níbi tí kò yẹ, nípa bẹ́ẹ̀ MYC lè tètè kán kúrò ní àyè rẹ̀. Ó ń sọ iye sẹ́ẹ̀lì B tó ń gba ibi tí AID ti ń gé DNA kọjá di púpọ̀. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọjá níbẹ̀, àwọn tí EBV ti wà nínú wọn máa ń pọ̀ sí i gidigidi, ìyẹn àwọn tí ikú MYC kò lè mú. Ọmọ tí ibà ń dá wólẹ̀ léraléra ni àwọn nǹkan wọ̀nyí lè pàdé lára rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Burkitt ti rí ẹ̀fọn lórí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ kí àlàyé tó kún tó báyìí tó dé.

Ẹ̀rí mìíràn jáde ní 2019. Nínú Burkitt tó ń mú àwọn ọmọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, EBV kì í sí nínú èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n ka DNA àwọn kókó náà, wọ́n rí i pé èyí tí kò ní EBV ní ìbàjẹ́ púpọ̀ sí i lára àwọn jíìnì tó ń darí ikú sẹ́ẹ̀lì. Níbi tí fáírọ́ọ̀sì kò ti sí láti dí ikú lọ́nà, sẹ́ẹ̀lì ní láti kọ́kọ́ ba ọ̀nà ikú náà jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìrètí wà nínú gbogbo èyí, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì Burkitt ń gbé létí ikú; ìdènà kékeré ló mú un dúró. Bí oògùn bíi cyclophosphamide bá ba DNA rẹ̀ jẹ́, ìdènà náà kò tó mọ́, ó máa ń kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Burkitt ní Kampala, Peter Clifford ní Nairobi, àti Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ti ń rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú tó ń fà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ngu wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972 nítorí iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn máa fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà máa ń kú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà débi pé ìdọ̀tí wọn lè dí kíndìnrín lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń fa omi púpọ̀ sára ọmọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tí wọ́n sì ń wọn ìtọ̀ rẹ̀.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá tó ń yè é. Lọ́dọ̀ tiwa, iye náà kéré sí i púpọ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé jẹjẹrẹ tiwa le ju tiwọn lọ. Àwọn òbí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, owó máa ń tán kí ìtọ́jú tó parí, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ sílé nígbà tí kókó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, tí wọ́n rò pé ó ti san. Ní 2022, ètò adójútòfò ìlera ìjọba Ghana gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin mọ́ra, Burkitt sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìpinnu tó dára gidi ni, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin ní Àbújá wò ó dáadáa.

Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún EBV lọ́jà. Ti ibà ti wà. Agogo, tí kò jìnnà sí Kumasi, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ ibà tó ń jẹ́ RTS,S wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, Ghana sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní ìpín kan nínú orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2019. Ẹkùn Bono àti Ahafo wà nínú ìpín yẹn, Kumasi sì ni wọ́n máa ń gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn ibẹ̀ tí àìsàn rẹ̀ bá le wá. Àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà nígbà yẹn ti wọ ọjọ́ orí tí Burkitt máa ń jà báyìí. Bí àlàyé tó jáde ní 2014 bá tọ̀nà, ó yẹ kí àwọn tó ń kọ orúkọ sínú ìwé ní wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé ní Komfo Anokye bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ọmọ tó ń wá láti àwọn ẹkùn yẹn pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú ti ń dín kù.